Gbohùngbohùn tí Naomi Osaka gbé fún Coco Gauff

Ìṣẹ́jú 65 péré ni eré náà gbà. Alẹ́ Sátidé ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ní pápá Arthur Ashe nílùú New York. Naomi Osaka na Coco Gauff 6-3, 6-0 (iye géèmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà nínú sẹ́ẹ̀tì méjì, ìyẹn abala méjì tí eré náà pín sí) ní ìpele kẹta ìdíje US Open. Ọmọ ọdún 21 ni Osaka nígbà náà. Òun ló gba ife ìdíje yẹn lọ́dún tó ṣáájú, òun náà ló sì wà ní ipò kìíní lágbàáyé nínú tẹ́níìsì àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 15 ni Gauff. Bó bá jẹ́ ti èsì eré nìkan ni, ìlà kan ti tó o nínú ìwé ìròyìn. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn balẹ̀ ló mú mi jókòó kọ èyí. Ife ńláńlá, ìyẹn ife àwọn ìdíje tó ga jù nínú tẹ́níìsì, mẹ́rin ni Osaka ti gbà, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ létí mi, alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ ọdún 15 ṣe dé irú pápá bẹ́ẹ̀. Ní Wimbledon ọdún yẹn kan náà, Coco kọ́kọ́ la ìdíje àwọn tó ń wá àyè wíwọlé kọjá. Nígbà tó máa wọlé, Venus Williams ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, ẹni ọdún 39 tó ti gba ife Wimbledon lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ náà nà án ní sẹ́ẹ̀tì méjì gbáko. Ó di ìpele kẹrin kí Simona Halep tó dá a dúró, Halep náà ló sì padà gba ife. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà ti ń pariwo Coco. Nígbà tí ìdíje New York dé, àwọn tó ṣètò rẹ̀ fún un láyè láti wọlé láìgba ojú ìdánwò kankan. Ó na Anastasia Potapova, ó na Timea Babos, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta-mẹ́ta ló sì fi ja ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe di pé òun àti ẹni tó wà lókè gbogbo wọn pàdé nìyẹn, nínú pápá tó ń gba èrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000, nílẹ̀ tí wọ́n ti bí i.

Fún ẹni tí kì í sábà wo tẹ́níìsì, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí eré ṣe máa ń parí. Àwọn méjèèjì á bọ ara wọn lọ́wọ́ nídìí àwọ̀n, wọ́n á bọ rẹfiríì lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n nà á kó rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú báàgì, á juwọ́ sí èrò, á wọlé lọ. Ẹni tó borí nìkan ló ń dúró, òun ni wọ́n ń gbé gbohùngbohùn sí lẹ́nu láàárín pápá. Ìgbà tí ẹni tó fìdí rẹmi bá wẹ̀ tán, tó nu ojú rẹ̀ tán, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ bá àwọn oníròyìn nínú yàrá tiwọn. Àánú wà nínú ìlànà yìí. Ó ń jẹ́ kí èèyàn rí kọ̀rọ̀ kan sunkún sí.

Kọ̀rọ̀ yẹn ni Coco ń lọ. Omi ti gba ojú rẹ̀, ó sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí èrò má baà rí i. Ibẹ̀ ni Osaka ti tọ̀ ọ́ lọ, tó ní kó dúró kí àwọn méjèèjì jọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Coco kọ̀. Ó ní bóun bá dúró, ẹkún lòun máa sun látòkèdélẹ̀. Osaka kò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Ohun tó sọ fún un ni pé ó sàn kó jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ bó ṣe ń ṣe é ju kó lọ máa dá sunkún nílé ìwẹ̀. Coco tún gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣàlàyé lẹ́yìn náà, ó ní òun ò fẹ́ gba iyì ọjọ́ náà mọ́ ẹni tó borí lọ́wọ́. Níkẹyìn ó gbà, wọ́n sì gbé gbohùngbohùn sí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà lódo lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Osaka, ó ní ó gbá eré tó kàmàmà, ó ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ lòun máa rí kọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yẹn, ó sì ní ọ̀yàyà ni Osaka fi ń bá òun lò. Ẹkún kò jẹ́ kí gbólóhùn kan parí dáadáa kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó kan Osaka, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó yíjú sí ibi tí bàbá àti ìyá Coco jókòó sí, Corey àti Candi Gauff. Ó ní wọ́n tọ́ ọmọ tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Ó ní òun rántí pé òun máa ń rí wọn níbi tí wọ́n ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, pé ibì kan náà ni ìdílé méjèèjì ti ń kọ́ eré yìí, àti pé bí òun àti Coco ṣe wá jọ dé ibi tí wọ́n dé yìí jẹ́ ohun ìyanu. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń nu ojú nù.

Florida ni ibi tó ń sọ. Ìdílé Osaka kó lọ síbẹ̀ lọ́dún 2006, Delray Beach ní ìpínlẹ̀ kan náà sì ni ìdílé Gauff wà. Bàbá Osaka, Leonard Francois, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ tẹ́níìsì gbá. Ó wo Venus Williams àti Serena àbúrò rẹ̀ nínú ìdíje French Open ọdún 1999, ó rí bí bàbá wọn ṣe tọ́ wọn sọ́nà, ó sì pinnu pé ọ̀nà yẹn lòun máa bá àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì, Mari àti Naomi, tọ̀. Àwọn Gauff náà wo àwọn Williams kan náà. Nígbà tí Osaka ń bá àwọn òbí Coco sọ̀rọ̀, ohun tó mọ̀ nípa wọn pọ̀ ju ohun tí kámẹ́rà lè gbé jáde lọ: bàbá tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ọmọ nínú oòrùn Florida lójoojúmọ́, ìyá tó ń gba ẹrù ilé, owó tó ń lọ tí kò sí ìdánilójú pé yóò padà wọlé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí àánú ọmọ náà bá ṣe é lóòótọ́, ì bá ti jẹ́ kó rí géèmù méjì-mẹ́ta gbà nínú sẹ́ẹ̀tì kejì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ fún ọmọdé nínú ìjàkadì ti sọ fún un pé kò tíì tó ẹni tí à ń bá jà. Osaka fúnra rẹ̀ sọ pé láti ìgbà ìdíje Australia, òun ò tíì pọkàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a, ó sì nà án nànà tí kò ní àbùlà. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni òwe yẹn dárúkọ, kò ní ká dá ọ̀kan dúró.

Coco rí i bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn, ó ní lójú òun, ẹni tó jẹ́ eléré ìdárayá ni ẹni tó máa bá ọ lò bí ọ̀tá tó burú jù nínú pápá, tí ẹ bá sì jáde, tó máa bá ọ lò bí ọ̀rẹ́ tó ṣe tímọ́tímọ́ jù. Ó ní ohun tí Osaka ṣe lálẹ́ yẹn gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún 15 ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n nà án 6-0.

Níbo ni Osaka ti kọ́ ọ? Ìdáhùn tèmi wà nínú pápá yẹn kan náà, lọ́dún kan ṣáájú.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni àṣekágbá US Open. Osaka jẹ́ ẹni ọdún 20, Serena Williams ló sì bá pàdé, Serena tí Osaka fúnra rẹ̀ kọ àròkọ nípa rẹ̀ nígbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ife ńlá kẹrìnlélógún ni Serena ń wá. Rẹfiríì Carlos Ramos kọ́kọ́ kìlọ̀ fún Serena pé olùkọ́ rẹ̀ ń juwọ́ sí i láti ìjókòó. Nígbà tí Serena fọ́ rákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, Ramos gba póìǹtì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Serena pe rẹfiríì ní olè, Ramos gba odidi géèmù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Osaka borí, 6-2, 6-4, ó sì di ará Japan àkọ́kọ́ tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ nínú eré ẹlẹ́nì kan. Ìlú kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé ife fún un ni ariwo èébú ń dún láti orí àga gbogbo. Rẹfiríì ni inú ń bí wọn sí, àmọ́ orí ọmọ ọdún 20 ni ariwo náà ń balẹ̀ sí. Osaka fa fìlà rẹ̀ bo ojú, ó sì ń sunkún. Serena gbé apá lé e léjìká, ó ní kí àwọn èèyàn jọ̀wọ́ dákẹ́ èébú, pé ọmọ náà gbá eré tó dáa. Nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún Osaka, ohun tó sọ ni pé òun mọ̀ pé Serena ni gbogbo wọn wá tì lẹ́yìn, kí wọ́n má bínú pé ibi báyìí ló parí sí.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹni tó borí ló ń tọrọ àforíjì pé òun borí.

Pápá kan náà, ẹkún kan náà, gbohùngbohùn kan náà. Nígbà tí Osaka rí Coco tó ń kó báàgì rẹ̀ lọ́dún 2019, ó mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí téèyàn bá ń sunkún tí gbogbo ayé sì ń wò ó. Ó tún mọ bí apá Serena ṣe rí lórí èjìká. Mo gbà pé ohun méjèèjì yìí ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà.

Mo tún gbà pé ilé tó ti wá wà níbẹ̀. Jacmel ní Hàítì ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, Hàítì tí Ògún wa ṣì ń jẹ́ Ogou títí dòní. Nemuro ni ìyá rẹ̀, Tamaki, ti wá, ní erékùṣù Hokkaido, níhà àríwá Japan. Ní Hokkaido yẹn ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Wọ́n fẹ́ra wọn ní bòńkẹ́lẹ́, nígbà tí bàbá Tamaki sì gbọ́ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ọmọ òun ń fẹ́, inú bí i gidigidi. Tamaki bá Leonard lọ sí gúúsù, sí ìlú Osaka, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbúròó ara wọn. Ìlú Osaka yẹn ni wọ́n bí Naomi sí lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1997. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: nítorí pé Japan ni wọ́n ń gbé, orúkọ ìdílé ìyá ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà, kí ìgbé ayé lè rọrùn fún wọn níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá rẹ̀ ní Long Island ní New York.

Japan ló ń gbá tẹ́níìsì fún. Wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, hafu, tó túmọ̀ sí ìdajì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Nissin ya àwòrán rẹ̀ fún ìpolówó nudulu, wọ́n sì ya á ní aláwọ̀ funfun tí irun rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúdú. Ariwo sọ, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi í pé kí ló jẹ́ gan-an: ará Japan ni, ará Hàítì ni, àbí ará Amẹ́ríkà? Ìdáhùn rẹ̀ kì í kọjá pé òun ni òun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, kò tó oṣù méjì sí alẹ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbọ́ pé ó ti yan ìwé ìbílẹ̀ Japan, nítorí òfin ibẹ̀ nígbà náà ní kí ẹni tó ní orílẹ̀-èdè méjì mú ọ̀kan kó tó pé ọdún 22. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà bínú sí i. Mi ò rí ohun tó yẹ ká bínú sí níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ilé mẹ́ta ti mọ́ ọn lára láti máa dúró níbi tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibí ni tìrẹ, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè rí ẹni tó dá dúró.

Orúkọ tó wà lára pápá yẹn náà kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Arthur Ashe ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife US Open láàárín àwọn ọkùnrin, lọ́dún 1968. Òun ló rí ọmọdékùnrin kan ní Cameroon lọ́dún 1971, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Cameroon tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Faransé, tó sì ṣètò bó ṣe máa rí ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì kọ́ ní Faransé. Yannick Noah ni ọmọ náà. Lọ́dún 1983 ó gba ife French Open.

Ohun tó tẹ̀ lé alẹ́ ọjọ́ náà kò ní ariwo. Belinda Bencic lé Osaka jáde ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, òun àti Coco tún pàdé ní ìpele kẹta ní Australia, Coco sì nà án 6-3, 6-4. Ẹ̀kọ́ tó lóun máa kọ́, ó ti kọ́ ọ.

Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd, Coco dìde níwájú èrò ní Delray Beach, ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Osaka wọ ìbòjú méje nínú US Open, orúkọ ẹnì kan tí wọ́n pa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Breonna Taylor dé Tamir Rice, ọ̀kan fún eré kọ̀ọ̀kan títí tó fi gba ife. Ìyẹn tó ìtàn ọ̀tọ̀.

Àmọ́ ọdún 2021 ló yí bí mo ṣe ń wo alẹ́ ọjọ́ náà padà. Ní oṣù Karùn-ún, kí ìdíje French Open tó bẹ̀rẹ̀, Osaka ní òun ò ní bá àwọn oníròyìn jókòó. Wọ́n bu owó ìtanràn 15,000 dọ́là lé e, wọ́n sì halẹ̀ pé wọ́n lè lé e jáde. Lọ́jọ́ 31 oṣù náà, ó yọwọ́ fúnra rẹ̀. Nínú ohun tó kọ, ó ní láti ìgbà US Open ọdún 2018 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá òun fínra, pé òun kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba rọrùn fún, pé àyà òun máa ń já gidigidi kí òun tó lọ dojú kọ àwọn oníròyìn.

Láti 2018. Ìyẹn ni pé nígbà tó dúró ti Coco lọ́dún 2019, ẹrù náà ti wà ní àyà rẹ̀. Gbohùngbohùn tó gbé fún ọmọ náà jẹ́ ohun tó ń dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Kọ̀rọ̀ tó ní kó má lọ sunkún sí, òun mọ̀ ọ́n, ó ti débẹ̀. Mo ti wo fídíò náà lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì lè rí ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n níwájú àwọn òbí Coco bí mo ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé inú rẹ̀ dùn dé ẹkún. Ní báyìí, ohun tí mò ń rí ni ẹni tó ń ṣe ohun tó le fún un, nítorí ó rí ẹni kékeré tó nílò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó ti tan iná ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo. Ó ṣèlérí owó tó bá gbà nínú ìdíje kan fún àwọn tí ilẹ̀ ríri bá ní Hàítì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ètò Play Academy tó dá sílẹ̀ fún eré ìdárayá àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Japan, ó sì dé Hàítì. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ó bí ọmọbìnrin kan, Shai. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Coco gba US Open, ife ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn méjèèjì tún pàdé ní pápá Arthur Ashe, ní ìpele kẹrin. Coco ti pé ọdún 21, iye ọdún tí Osaka jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ife ńlá méjì ló ti gbà, iye tí Osaka náà ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Osaka nà án 6-3, 6-2. Nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó ní oṣù méjì lẹ́yìn tí òun bímọ, orí ìjókòó èrò lòun wà níbẹ̀ tí òun ń wo Coco, tí ohun kan ṣoṣo tí òun sì ń fẹ́ ò ju kóun tún láǹfààní láti wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ. Ó ní òun ò fẹ́ sunkún.